Wọ́n fẹ́ ta "oògùn nano" fún tàńtí mi ní Kétu: kí ni òótọ́ ọ̀rọ̀ ìhó afẹ́fẹ́ àti èkógíráfì yìí?

ỌmọKétu_lÁjàṣẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Kókó kan yọ sí ọmú tàńtí mi ní Kétu. Ó ti wá ṣe èkógíráfì (àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ìró yà) ní Àjàṣẹ́ níbí, wọ́n sì ní kó padà wá kí àwọn fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Kò tíì lọ. Ní báyìí, ẹnì kan lójú ọjà ti sọ fún un pé oògùn kan wà tó ń jẹ́ "nano", 45.000 sefa ìgò kan. Ó ní oògùn náà kéré débi pé fúnra ẹ̀ ló máa wá jẹjẹrẹ kàn níbi tó bá sá pamọ́ sí, kò ní fọwọ́ kan ibòmíì.

Ó fi fídíò kan hàn án. Wọ́n fa nǹkan sí iṣan aláìsàn, bọ́ọ̀lù kéékèèké tí wọ́n pè ní ìhó afẹ́fẹ́ ń lọ nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ èkógíráfì lé ara ẹ̀, bọ́ọ̀lù náà bẹ́, oògùn tú jáde sínú kókó. Fídíò yẹn ló dà mí láàmú, torí kò jọ irọ́. Ẹni tó bá mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Kẹ́ ẹ má kàn sọ pé "gbájúẹ̀ ni" o. Mo fẹ́ ohun tí màá lè bá tàńtí sọ tí á wọ̀ ọ́ létí.

Alákàrà_Wàńdò

Gbájúẹ̀ ni.

Mo mọ̀ pé ẹ ní ká má sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ná, àwọn tó mọ̀wé ń bọ̀ wá ṣàlàyé.

Onífọ́tò_Inú

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ỌmọKétu. Ọlọ́run á bá wa wo tàńtí sàn.

Iṣẹ́ èkógíráfì ni mò ń ṣe ní Àjàṣẹ́, ibi tí mo ti mọ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Fídíò yẹn kì í ṣe irọ́. Ohun tí wọ́n fi ń tà ni irọ́.

Ẹ̀rọ wa ń rán ìró sínú ara, ìró tí etí èèyàn ò lè gbọ́. Etí wa kì í gbọ́ ohun tó bá gbọ̀n ju ìgbà 20.000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; ti ẹ̀rọ wa ń gbọ̀n ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 sí mílíọ̀nù 15. Ìró náà á lu ẹ̀dọ̀, á lu kíndìnrín, èyí tó bá padà wá la fi ń ya àwòrán. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ pé a máa ń fi nǹkan tútù kan tó ń yọ̀ pa á lára kí a tó bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ la ń sá fún. Bó ti wù kí afẹ́fẹ́ àárín ẹ̀rọ àti awọ ara fẹ́lẹ́ tó, á dá ìró náà padà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá, a ò ní rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ fọkàn sí ibẹ̀ yẹn o, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìhó yìí rọ̀ mọ́. Ohun tó ń yọ wá lẹ́nu lójú awọ ni wọ́n sọ di àǹfààní nínú ẹ̀jẹ̀.

Ní 1968, Gramiak àti Shah ní Amẹ́ríkà sọ fáyé pé tí àwọn bá fa nǹkan olómi sínú iṣan ńlá tó wà lẹ́nu ọkàn, tí ẹ̀rọ sì ń wò ó, ibẹ̀ máa ń tàn yanran. Ìhó afẹ́fẹ́ wíníwíní tó bá omi náà wọlé ló ń tàn. Ìhó yẹn kì í pẹ́ túká, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń wá bí á ṣe pẹ́ díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò lónìí, gáàsì tí kì í tètè yòrò sínú ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì bò ó, tó sábà máa ń jẹ́ ọ̀rá. Ọ̀kan nínú wọn ni SonoVue. Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2001. Ní Amẹ́ríkà, Lumason ni wọ́n ń pè é: wọ́n fọwọ́ sí i fún àwòrán ọkàn ní 2014, wọ́n fi ẹ̀dọ̀ kún un ní 2016. Ìhó kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ wọn ni ò tó sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ní títóbi.

Tí ìró bá lu ìhó yìí, á máa wú, á máa sún kì, mílíọ̀nù ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, á sì máa dá ohùn tí ẹran ara kì í dá padà. Ẹ̀rọ ti mọ ohùn yẹn yà sọ́tọ̀. Nínú ẹ̀dọ̀, jẹjẹrẹ tó bá ti inú ẹ̀dọ̀ fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń tàn ṣáájú ibi tó yí i ká, tó bá tó bí ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ń wò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, àwòrán lásán ni. Oògùn kankan ò tíì sí nínú ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fà á sí iṣan, ẹ̀rọ á ti wà lára aláìsàn, dókítà á sì wà níbẹ̀. Kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń rà lọ́jà tí wọ́n ń fi ṣíbí mu.

Olókè_Sábẹ̀ẹ́

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ̀rù kan ló ń bà mí. Gbogbo wa la mọ̀ pé nọ́ọ̀sì máa ń ta abẹ́rẹ́ sókè kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ lè jáde kó tó gún èèyàn. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ inú iṣan ń pààyàn. Ẹ̀yin wá ní wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ fa gáàsì sí i?

Onífọ́tò_Inú

Ìbéèrè gidi nìyẹn, tọ́ńtọ̀n. Iye ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Nínú mílílítà kan SonoVue, gáàsì inú ẹ̀ ò ju míkírólítà 8 lọ. Fún ẹ̀dọ̀, mílílítà 2,4 ni wọ́n ń fà, ìyẹn bíi míkírólítà 19 gáàsì. Ẹ mú mílílítà kan, ẹ pín in sọ́nà 50, ìpín kan ṣoṣo ẹ̀ ni o, òun náà sì tún ti fọ́n ká sí ìhó tó pọ̀ bí iyanrìn. Ó ń gba inú òpójẹ̀ tó tín-ín-rín jù kọjá láìdí i. Èémí ló sì ń gbé gáàsì náà jáde: láàárín ìṣẹ́jú 2, ó lé ní ìdá 80 nínú 100 tó ti bá èémí lọ, tó bá fi máa tó ìṣẹ́jú 15 ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò gba kíndìnrín kọjá.

Ìyẹn ò sọ pé kò léwu rárá. Ó ní àwọn tí ara wọn máa ń kọ̀ ọ́, ní 2007 Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ ńlá sára irú oògùn yìí torí ti ọkàn àti mímí. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó kúrò lọ́wọ́ dókítà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Kàlàví

Ẹ kúuṣẹ́, ẹ̀gbọ́n Onífọ́tò. Ìmọ̀ oògùn ni mò ń kọ́, ẹ jẹ́ kí n gbà á lẹ́nu yín níbi ọ̀rọ̀ nano, torí ibẹ̀ ni oníṣòwò yẹn fara pamọ́ sí.

Ìhó tí ẹ̀gbọ́n ń sọ, míkírómítà la fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ pín míkírómítà kan sọ́nà 1.000, ẹ ti rí nánómítà. Ìhó ti míkírómítà ò lè jáde kúrò nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ó tóbi jù. Èyí tó bá jẹ́ nánómítà bíi 100 tàbí 200 lè jáde, àmọ́ níbi tí iṣan bá ti ń jò nìkan. Jẹjẹrẹ máa ń kánjú ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ bó ṣe ń dàgbà, iṣan náà kì í sì dí dáadáa, ó dà bí apẹ̀rẹ̀ tí ẹni tó ń sáré re ọjà hun. Ní 1986, Matsumura àti Maeda ní Japan kọ ọ́ pé ohun tó bá tóbi níwọ̀nba máa ń jò sínú kókó láti ibẹ̀, á sì pẹ́ kó tó kúrò. Ìrètí ńlá lèyí dá sílẹ̀. Ní 1995, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Doxil: doxorubicin ni, oògùn jẹjẹrẹ àtijọ́, tí wọ́n dì sínú èèpo ọ̀rá tó tó bíi nánómítà 100.

Ohun tí wọn kì í fi sínú fídíò nìyí. Ní 2016, Wilhelm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Kánádà kó ìwádìí ọdún mẹ́wàá jọ, èyí tí wọ́n ṣe lára ẹranko. Wọ́n rí i pé nínú gbogbo nano tí wọ́n fà sí ẹranko lára, ìdá 0,7 nínú 100 ló ń dé inú kókó jẹjẹrẹ, tí èèyàn bá mú iye tó bọ́ sí àárín. Kò pé ẹyọ kan nínú 100! Ẹ̀dọ̀ ló ń gba ọ̀pọ̀ nínú ìyókù. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé nano mọ ọ̀nà ilé jẹjẹrẹ, ẹ bi í pé kí ni ìdá 99 tó kù ń wá lọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀.

Ìyẹn gan-an ló fà á tí wọ́n fi mú ìró wọ ọ̀rọ̀ náà. Bí oògùn ò bá lè dá ọ̀nà mọ̀, á dúró sínú èèpo ẹ̀, èèyàn ló máa fi ìró tú u sílẹ̀ níbi tó bá dojú ẹ̀rọ kọ.

Wàhálà kan tún wà níbẹ̀. Ìhó tó bá fi ìlọ́po 10 kéré sí èkejì, tí ẹ bá fi ìṣirò wò ó, ìró tó ń dá padà á fi bíi ìlọ́po mílíọ̀nù kan kéré sí tiẹ̀. Nano ní tiẹ̀, ẹ̀rọ ò fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ọgbọ́n tí wọ́n wá dá, èmi fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀: wọn ò fi gáàsì sínú èèpo mọ́, olómi kan tó ń jẹ́ perfluoropentane ni wọ́n fi síbẹ̀. Nínú ife, olómi yìí ń hó ní 29 °C, ara èèyàn sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀kán ẹ̀ bá ti kéré tó yẹn, ojú ẹ̀ máa ń fún un mọ́ra débi pé kò lè hó. Á jò wọ inú kókó bí olómi. Tí ìró alágbára bá wá bá a níbẹ̀, á di gáàsì lójijì, á fẹ̀ tó bí ìlọ́po 5, ẹ̀rọ á rí i, oògùn tó wà lára ẹ̀ á tú. Inú lábò àti ara ẹranko ni púpọ̀ nínú èyí ṣì wà.

ÌleraNano_Kútọnu

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé yìí lẹ ń dá aráàlú dúró. Ṣé òyìnbó kọ́ ló ṣe nano ni? Tiwa yìí, àjó pọ́ńbélé ni, egbòogi ni, a sọ ọ́ di nano kó lè wọ sẹ́ẹ̀lì tààrà, kò ní oògùn jẹjẹrẹ líle tí wọ́n ń pè ní ṣímíò, kò ní ìnira. Àwọn tó ti lò ó ń dúpẹ́. Ẹ pè mí sórí [alábòójútó ti yọ nọ́ńbà kúrò].

Alábòójútó

A kì í tajà níbí. Mo fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè dá a lóhùn, nọ́ńbà nìkan ni mo yọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Kàlàví

Ọ̀gá Ìlera, nánómítà mélòó ni ti yín? Ta ló bá yín wọ̀n ọ́n? Èèpo wo ló wà lára ẹ̀, kí lẹ sì fi ń tú u?

Ohun tí èèyàn bá mu, ikùn ló ń lọ. Oje inú ibẹ̀ á bá a jà, èyí tó bá yè é, ẹ̀dọ̀ ló máa kọ́kọ́ pàdé kó tó dé ọmú. Curcumin tó wà nínú àjó, ìṣòro ẹ̀ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ oògùn mọ̀ ni pé ara kì í gbà á wọlé. Ẹ lè ní nano ló tún ìyẹn ṣe. Ó dáa, ká tiẹ̀ gbà pé ó wọ ẹ̀jẹ̀: ìdá 0,7 yẹn ṣì ń dúró dè yín lọ́nà.

Alákàrà_Wàńdò

Ṣé mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?

ÌyáÌbejì_Ìmẹ̀kọ

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará òdìkejì. Ará Kétu kan náà ni wá, bodè ló pín wa. Wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ṣímíò ní Ìbàdàn. Ọ̀kan wà nínú oògùn ẹ̀ tó pupa fòò, ìtọ̀ ẹ̀ pàápàá máa ń pupa lọ́jọ́ náà. Wọ́n sì máa ń yẹ ọkàn ẹ̀ wò kí wọ́n tó fún un. Ṣé Doxil tí ọmọ wa ń sọ nìyẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́_Kàlàví

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ doxorubicin tí kò ní èèpo, mà. Èyí tí wọ́n ń lò jù nìyẹn, torí kò wọ́n bíi Doxil. Ó lágbára sí jẹjẹrẹ ọmú, àmọ́ bí èyí tí èèyàn ti gbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ló ṣe ń wu ọkàn léwu, ìdí tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn. Èèpo ọ̀rá Doxil dín ìyà ọkàn kù. Ó wá mú òmíràn dání: àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn kan á máa pupa, á máa ta wọ́n, á sì máa bó. Doxil ò sì nílò ìró, fúnra ẹ̀ ló ń tú díẹ̀díẹ̀.

ỌmọKétu_lÁjàṣẹ́

Mo ń kà á, mo sì ń dúpẹ́. Ẹ wá sọ èyí tó kàn mí jù. Ṣé ẹnikẹ́ni ti gba ti fídíò yẹn, oògùn pẹ̀lú ìró, kì í ṣe eku, èèyàn ni mò ń wí?

Onífọ́tò_Inú

Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tí mo fẹ́ràn láti máa sọ ni ti Bergen ní Norway, torí ẹ̀rọ èkógíráfì tó wà nílé ìwòsàn lásán ni wọ́n lò. Aláìsàn 10 tó ní jẹjẹrẹ àmọ́ (ẹ̀yà tó ń ṣe insulin, tó wà lẹ́yìn ikùn) ni. Wọ́n fún wọn ní gemcitabine, oògùn tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, wọ́n wá fa SonoVue tẹ̀ lé e, wọ́n sì dojú ìró kọ ibẹ̀. Ìhó yẹn ò gbé oògùn kankan. Ńṣe ló ń wú tó ń sún kì lẹ́bàá ògiri iṣan, tó ń mú kó là díẹ̀ kí oògùn lè ráyè wọlé. Wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde ní 2016: ìdajì wọn lo ju oṣù 17,6 lọ láyé. Àwọn tó ti gba oògùn náà ṣáájú láìsí ìró, oṣù 8,9 ni tiwọn. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ẹ rọra: èèyàn 10 péré, àwọn aláìsàn àtẹ̀yìnwá ni wọ́n sì fi wọ́n wé. Wọn ò pín àwọn aláìsàn sọ́nà méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìró náà ló ṣe é.

Èkejì ni ti Oxford, 2018. Èèyàn 10 náà ni, kókó ẹ̀dọ̀ ni tiwọn. Doxorubicin nínú èèpo ọ̀rá tó máa ń yọ́ tí ibẹ̀ bá gbóná díẹ̀ ju ara lọ, ThermoDox lorúkọ ẹ̀. Wọ́n fi ìró tí wọ́n kó jọ sójú kan mú kókó náà gbóná láti ìta, láìgé ara. Oògùn tó wọ inú kókó fi ìlọ́po 3,7 pọ̀ sí i ní ìdá àárín. Ṣùgbọ́n oògùn yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n fi ọ̀nà míì mú ibẹ̀ gbóná (iná rédíò tí wọ́n ń kì bọ inú kókó) lára èèyàn 701, ní 2013 wọ́n kéde pé kò ṣe ohun tí wọ́n ń retí. Ẹ rí i pé ọ̀nà ṣì jìn.

Ní Toronto, láti 2015, wọ́n tún ń fi ìhó àti ìró la ògiri iṣan inú ọpọlọ fúngbà díẹ̀ kí oògùn lè kọjá.

ỌmọKétu, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú délé rèé. Nínú gbogbo èyí, ẹnì kan ti mọ ibi tí jẹjẹrẹ wà àti irú èyí tó jẹ́ kó tó gbé ẹ̀rọ lé e. Ìró ò ń wá jẹjẹrẹ kiri. Kì í kọjá nínú egungun dáadáa, ẹ̀dọ̀fóró tó kún fún afẹ́fẹ́ sì ń dá a padà. Bó bá ti ràn lọ síbi púpọ̀, ibo la fẹ́ dojú ẹ̀rọ kọ? Tàńtí tí wọn ò tíì yẹ kókó ẹ̀ wò, nano tó dára jù láyé ò mọ ohun tó máa ṣe fún un.

Olókè_Sábẹ̀ẹ́

Mo rí i pé ẹ̀dọ̀ ni gbogbo wọn ń sọ. Kí ló dé?

Akẹ́kọ̀ọ́_Kàlàví

Ó rọrùn láti fi ìró bá, ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀, tọ́ńtọ̀n. Kò sì jìnnà sí wa: àrùn ẹ̀dọ̀ B àti àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó bu, tí èèhù ń pèsè májèlé aflatoxin sí, wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ jù lápá ibí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dáko ní Sábẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ kí àgbàdo gbẹ dénú kẹ́ ẹ tó kó o wọ àká. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀dọ̀ B wà, ọmọdé ni kó ti gbà á. Èyí ṣeé ṣe lónìí, kò nílò nano kankan.

ỌmọKétu_lÁjàṣẹ́

Mo bá tàńtí sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Owó kọ́ ló dá a dúró. Wọ́n ti sọ fún un pé bí abẹ́rẹ́ bá ti kan kókó, jẹjẹrẹ á bínú, á ràn káàkiri. Ó ní nano ò gún òun ní tiẹ̀.

ÌyáÌbejì_Ìmẹ̀kọ

Ohun tí wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi náà nìyẹn. Ẹ fún un ní nọ́ńbà mi láti inú àpótí ìkọ̀kọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á bá a sọ̀rọ̀ obìnrin sí obìnrin. Abẹ́rẹ́ yẹn kan òun náà, ó ṣì ń bá wa dáná.

Onífọ́tò_Inú

Ẹ ṣeun, mà. Ìyẹn á wọ̀ ọ́ létí ju tèmi lọ.

Ẹ sọ fún un pé ọ̀pọ̀ kókó ọmú ni kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá, abẹ́rẹ́ yẹn ló sì máa sọ ọ́. Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ohun tí wọ́n bá mú jáde ni lábò máa fi mọ̀ bóyá oògùn tó ń dí họ́mónù lọ́nà máa ràn án lọ́wọ́ tàbí irú míì. Láìsí i, dókítà fúnra ẹ̀ á kàn máa méfò. Àwọn dókítà ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, a ò rí i pé ó ń mú kí aláìsàn ọmú tètè kú. Wọ́n máa pa ibẹ̀ lára kó má baà dùn ún, wọ́n sì sábà máa ń fi èkógíráfì wo ẹnu abẹ́rẹ́ kó má ṣìnà.

Kó mú àwòrán àkọ́kọ́ àti ìwé tí wọ́n kọ fún un dání. Kó sọ gbogbo oògùn tó ń lò, àgbo pẹ̀lú, pàápàá èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Kò ní láti gbààwẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá sọ fún un. Bó bá gba ọ̀nà Pọ́bẹ̀ wá láàárọ̀, kó ti kúrò nílé kí oòrùn tó le, torí ẹni tó bá tètè dé ni wọ́n ń tètè dá lóhùn.

ỌmọKétu_lÁjàṣẹ́

Ó ti bá ẹ̀gbọ́n ÌyáÌbejì sọ̀rọ̀. Ó ní kí n wá dúró de òun ní gáréèjì lọ́jọ́bọ̀. Ó tún bi mí pé ṣé wọ́n á dá owó ìgò kan tóun ti san padà.

Alákàrà_Wàńdò

Hẹn! Ó ti san án?